Nígbà Tí Èmi Náà Jẹ́ Ọ̀dọ́: Agbo Orin Rọ́ọ̀kì Ní Èkó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà kan ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ níwájú yín lónìí. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí mo ti dì í pamọ́, bí kò bá sì ṣe ọmọ-ọmọ mi ni, bóyá n bá gbé e lọ sí ọ̀run.

Ní ìparí ọdún tí ó kọjá, ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi. Mo ní kí ó bá mi gbá abẹ́ ibùsùn, kí ó sì nu eruku orí àpótí àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ igbe rẹ̀. Nígbà tí ó jáde wá, fótò kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí etí rẹ̀ ti ká.

"Màmá àgbà, ta nìyí?"

Ọmọbìnrin méjì ni ó wà nínú fótò náà. Èyí ẹ̀gbọ́n gbé irun Áfúrò lérí, róbótó bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà, irú èyí tí àwọn aláwàdà ìgbà náà ń pè ní "Keep Lagos Clean" nítorí pé ó ń gbálẹ̀ bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ti ń lọ. Ó sì wọ bàtà gáráńtì, tí ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ nípọn bí bíríkì. Èyí àbúrò dì mọ́ ọn lápá, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni," ni mo dáhùn. "Àbúrò mi, tí ẹ ń pè ní Màmá kékeré, sì ni èkejì."

"Níbo ni ẹ ń lọ, tí ẹ múra báyìí?"

Ẹnu mi wúwo. Agbo orin rọ́ọ̀kì ni a ń lọ, ní ọdún 1974, àwọn òbí wa kò sì mọ̀.

ÈKÓ NÍGBÀ NÁÀ

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí a bí lẹ́yìn ìgbà náà lè rò pé jùjú, àpàlà, sákárà àti fújì nìkan ni àwọn òbí yín gbọ́ dàgbà. Lóòótọ́, àwọn wọ̀nyí ni ó ń dún ní ilé wa ní Èbúté-Mẹ́tta. Bàbá mi, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, kì í jẹun alẹ́ ọjọ́ Sátidé kí rẹ́kọ́ọ̀dù Hárúnà Ìṣọ̀lá má máa yí lórí ẹ̀rọ. Ìyá mi, tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Òyìngbò, kò sì mọ orin mìíràn ju ti Ebenezer Obey àti ti ìwé orin mímọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Ogun abẹ́lé parí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, ara sì ń tu àwọn ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún kan náà ni James Brown ti Amẹ́ríkà wá ṣeré ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1972, gbogbo ọkọ̀ kúrò ní apá òsì títì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973, a kó pọ́n-ùn àti ṣílè tì, a bẹ̀rẹ̀ sí í ná Náírà àti kọ́bọ̀. Ohun tí àwọn àgbà mọ̀ ni ó ń yí padà lójoojúmọ́, ó sì dà bí ẹni pé àwa ọ̀dọ́ náà gbọ́dọ̀ bá wọn yí.

Orin rọ́ọ̀kì wà lára ohun tí ó bá ìyípadà náà wọlé. Àwọn àgbà a máa pè é ní ariwo òyìnbó, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Kí Chuck Berry àti Little Richard tó gbòde ní àárín àwọn ọdún 1950, obìnrin kan ti wà tí ń jẹ́ Sister Rosetta Tharpe, tí a bí ní ìpínlẹ̀ Arkansas ní ọdún 1915. Orin ìyìn ni ó ń kọ, ṣùgbọ́n ó ń ta gìtá oníná mànàmáná lọ́nà tí àwọn ọkùnrin fi wá kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀. Ẹ kò rí i pé obìnrin, tí ó ti inú ìjọ Ọlọ́run wá, wà nídìí ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀!

Ní Èkó tiwa, àwọn ọmọ wa kò kàn ń ṣe àfarawé. Ní ọdún 1971, Ginger Baker, onílù Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Cream, wa ọkọ̀ gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá títí ó fi dé Èkó. Ó bá Fẹlá ṣeré, nígbà tí ó sì di ọdún 1973, ó ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní Ìkẹjà. Ní ọdún 1973 kan náà ni Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn Beatles, wá gba orin sílẹ̀ ní Àpápá. Àwọn ọmọ ilé wa ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ BLO wà, tí orúkọ rẹ̀ jáde láti ara Berkley, Láolú àti Odùmósù, àwọn mẹ́ta tí wọ́n dá a sílẹ̀: ọ̀kan ń ta gìtá, ọ̀kan ń lùlù, ẹ̀kẹta ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Joni Haastrup àti ẹgbẹ́ MonoMono wà. Ẹgbẹ́ Ofege náà wà, tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's ní Ọbálendé nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1973. Ẹ fojú inú wo bí ó ti rí lára àwa akẹ́kọ̀ọ́, pé àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá bíi tiwa ni ó ń dún lórí rédíò!

ÀWỌN ÌBEJÌ LÓRÍ ÌTÀGÉ

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gba ọkàn mi jù lọ ni Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu. Ìbejì ni wọ́n, a bí wọn ní Jọ́ọ̀sì ní ọdún 1948. Orin "Ìyá Mi Jọ̀wọ́" ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1968. Ní ọdún 1972, wọ́n bá ẹgbẹ́ Salt ti Ginger Baker dé Munich ní Jámánì, ní àkókò ìdíje Olympics. Láàárín gbogbo àwọn onígìtá onírungbọ̀n wọ̀nyẹn, obìnrin méjì ni wọ́n, orin tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ni wọ́n sì ń kọ.

Mo fojú mi rí wọn nígbà kan ṣoṣo. Ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan ni, ọ̀kan nínú àwọn ijó ọ̀sán tí a ń pè ní Sunday Jump. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi ni ó mú wa lọ, bàbá mi sì gbà nítorí pé ilẹ̀ kò ní ṣú kí a tó dé. Èmi tí mo ti gbọ́ gángan àti àgídìgbo láti kékeré, n kò rò pé ìlù tún lè jẹ́ ohun tuntun lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ohùn ìlù náà kò gba etí mi wọlé, àyà ni ó gbà wọlé. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi. Gìtá ń ké bí ẹyẹ tí a há mọ́nú ilé. Òórùn òógùn, ti lọ́fínńdà àti ti súyà tí wọ́n ń sun lẹ́nu ọ̀nà dàpọ̀ mọ́ra. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n wọ awò dúdú nínú ilé tí kò ní oòrùn ń mi orí bí alángbá.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ìbejì náà bọ́ síwájú. Wọn kò jó ijó àṣejù, wọn kò sì bẹ ẹnikẹ́ni kí ó fẹ́ràn wọn. Wọ́n kàn dúró, wọ́n sì kọrin, ohùn méjì tí ó jọ ọ̀kan. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé obìnrin tí ó bá ń kọrin lóde kò ní rí ilé ọkọ gbé. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo rí obìnrin méjì tí ẹgbẹ̀rún ojú ń wò, tí ojú kò sì tì wọ́n. N kò fẹ́ di olórin o. Ohun tí mo mú bọ̀ sílé ni pé obìnrin lè dúró níwájú ènìyàn kí ó sọ ti inú rẹ̀. Nígbà tí mo di olùkọ́, tí mo kọ́kọ́ dúró níwájú kíláàsì ọmọ ogójì, àwọn ni mo rántí.

Nítorí náà, bí mo ti ń ròyìn yìí, ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu orin náà. Adùn rẹ̀ pọ̀. Òun ni ó sì fà á tí mo fi purọ́.

ALẸ́ TÍ A PURỌ́

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní oṣù Kejìlá ọdún 1974, tí ọyẹ́ ti mú. Ọmọ ọdún 17 ni mí. A gbọ́ pé ẹgbẹ́ olórin mẹ́ta yóò ṣeré ní alẹ́ kan náà, nínú gbọ̀ngàn kan tí n kò ní dárúkọ. Mo mọ̀ pé bàbá mi kò ní gbà fún eré alẹ́. Mo wí fún ìyá mi pé ìgbáradì orin Kérésìmesì ni a fẹ́ lọ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi fún mi ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ó ní kí n fi ra ohun tí n óò fi pa òǹgbẹ. Títí di òní, kọ́bọ̀ mẹ́wàá yẹn ń dùn mí.

Àbúrò mi, ọmọ ọdún 14, ti fura. Ó ní bí n kò bá mú òun dání, òun yóò tú àṣírí. Bẹ́ẹ̀ ni a jọ lọ. Ṣòkòtò àti bàtà wà nísàlẹ̀ àpò mi, ìwé orin mímọ́ wà lókè rẹ̀. Ilé ọ̀rẹ́ mi kan ní Yábàá ni a ti pààrọ̀ aṣọ. Ní ọ̀nà, a yà sí ṣọ́ọ̀bù onífótò kan. Fótò tí ọmọ-ọmọ mi rí nìyẹn.

Èrò tí a bá níbẹ̀ ju ti ọjà Òyìngbò lọ́jọ́ ọdún lọ. Ìlẹ̀kùn mẹ́ta ni gbọ̀ngàn náà ní, ṣùgbọ́n wọ́n ti méjì pa nítorí àwọn tí ó fẹ́ wọlé láìsanwó. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ṣeré, ó dára. Ẹgbẹ́ kejì ń ṣe tirẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí iná kú lójijì. Ní àkọ́kọ́, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, nítorí iná kíkú kì í ṣe nǹkan tuntun. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ó wà nínú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àtijáde, àwọn tí ó wà lóde sì rò pé ìgbà nìyí láti wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti pàdé.

Ẹ̀yin ará mi, n kò mọ bí n óò ti ṣàlàyé rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀. N kò rìn, síbẹ̀ mo ń lọ. Bí èrò bá fì sọ́tùn-ún, n óò fì sọ́tùn-ún, bí ó bá fì sósì, n óò fì sósì. Bàtà gáráńtì tí mo fi ń ṣakọ yẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Mo di ọwọ́ àbúrò mi mú, òógùn sì mú kí ó yọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ń pè é, n kò gbọ́ ohùn ara mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbé irun ràgàjì lérí, tí ó fi ṣéènì sọ́rùn, irú ẹni tí ìyá mi ìbá sá fún ní títì, ni ó rí i níbi tí wọ́n ti fún un mọ́ ògiri. Ó tẹ èjìká rẹ̀ síwájú, ó fipá gbé e sókè, ó sì kígbe sí àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀. Ọwọ́ gbé e fún ọwọ́, lórí àwọn ènìyàn, títí ó fi dé ìta. N kò mọ orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Mo ṣì ń gbàdúrà fún un.

Lórí yanrìn lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni mo bá àbúrò mi. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀. Eegun tí ó so ọrùn mọ́ èjìká rẹ̀ ti dá. Onítakisí kan gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn, kò gba kọ́bọ̀. Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Ta ni ó mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀ ní ilé yín?" Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Kò sí."

Ìdájí ni mo tó rí ọkọ̀ wọ̀ délé. Ìyá mi wà lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, gèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn alájọgbé yí i ká. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ibẹ̀ sọ fún un pé kò sí akọrin kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun àti bàbá mi ti fi tọ́ọ̀ṣì tan iná wo gbogbo kòtò àti ojú irin tí ó wà láàárín ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé wa.

Kò nà mí. Ó tẹ̀lé mi dé ilé ìwòsàn, ó wo àbúrò mi títí, ó fi ọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí mi, ohùn rẹ̀ kò sì ga.

Ó ní, "Kì í ṣe orin ni ó dẹ́rù bà mí. Ohun tí ó dẹ́rù bà mí ni pé bí ẹ bá kú lálẹ́ àná, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni n bá ti máa wá òkú yín kiri."

Kò tún sọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ó fi kú. Eegun àbúrò mi san, ṣùgbọ́n kò tọ́. Bí ó bá wọ bùbá tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀, ẹ ó rí i.

IRỌ́ KEJÌ

Láti ọjọ́ náà, n kò fi ibi tí mo ń lọ pamọ́ fún ìyá mi mọ́. Ẹ sì wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀: nígbà tí àjọ̀dún FESTAC '77 dé, láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, tí gbogbo ayé ń wọ́ bọ̀ ní Èkó, tí Stevie Wonder pàápàá wá láti Amẹ́ríkà, mo wí fún ìyá mi pé mo fẹ́ lọ sí gbọ̀ngàn ńlá ti Ìgànmú. Ó ní, "Dúró dè mí." Ó wé gèlè, ó wọ bàtà, a sì jọ lọ. Ó jó ju èmi lọ.

Ẹni tí ó ti rí irú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó rò pé yóò lò ó fún ọmọ tirẹ̀. N kò lò ó. Mo wọ ilé ọkọ, mo di ìyá, mo di ọmọ ẹgbẹ́ nínú ìjọ, mo sì ti fótò náà sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ní ọdún 2002, nígbà tí ọmọ mi obìnrin pé ọmọ 20 ọdún, ó tọ̀ mí wá, ó ní òun fẹ́ lọ sí eré olórin kan pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ òun. Mo bú u. Mo ní ọmọ tí a kọ́ nílé kì í dé irú ibẹ̀. Ó bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ̀yin kò lọ rí nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ọ́?" Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Èmi? N kò dé ibẹ̀ rí."

Kò tún béèrè mọ́. Mo rò pé mo ti borí.

NÍGBÀ TÍ ỌMỌ-ỌMỌ BÉÈRÈ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí fótò. Ó ṣe kòńgẹ́ pé ní ọ̀sẹ̀ tí ọmọ-ọmọ mi rí i, òun náà ti ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun lọ sí eré oṣù Kejìlá kan. Ìyá rẹ̀ ti kọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi kọ̀ fún un ni ọ̀rọ̀ tí mo fi kọ̀ fún ìyá rẹ̀.

Mo ránṣẹ́ sí ọmọ mi. Mo ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Nígbà tí gbogbo wa jókòó, mo gbé fótò náà sórí tábìlì, mo sì ròyìn alẹ́ ọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àbúrò mi fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin gbọ́ orin, èmi ni mo san owó rẹ̀."

Ọmọ mi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Màmá, mo lọ."

Mo ní, "Níbo?"

"Eré ọdún 2002 yẹn. Mo sọ fún yín pé ìṣọ́ òru ni mo ń lọ. Nígbà tí eré parí, àwọn ọkùnrin kan ń tẹ̀lé èmi àti ọ̀rẹ́ mi lẹ́yìn ní ọ̀nà tí ó ṣókùnkùn. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ nọ́ńbà yín, mo sì tún pa á. Ẹ ti sọ pé ọmọ tí a kọ́ nílé kì í dé ibẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé ibẹ̀ ni mo wà? Ọlọ́run ni ó yọ wá."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọjọ́ náà ni ó bá tèmi. Mo bẹ ọmọ mi. Àgbàlagbà ni mí, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí a ṣe nípa ọmọ-ọmọ. Ìyá rẹ̀ jẹ́ kí ó lọ. Àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin tẹ̀lé e, ìyá rẹ̀ sì wa ọkọ̀ dúró sí ibi tí kò jìnnà. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, fóònù dún: "Mọ́mì, ẹ wá mú wa, èrò ti pọ̀ jù lẹ́nu ọ̀nà, àyà mi ń já." Wọ́n jáde kí olórin tí ó tìtorí rẹ̀ lọ tó gun orí ìtàgé. Ó sunkún nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi délé. Ṣùgbọ́n ó délé, ó sì sùn lórí ibùsùn rẹ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ABIYAMỌ MỌ̀

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mo ń sọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1979, ènìyàn 11 kú lẹ́nu ọ̀nà níbi eré ẹgbẹ́ The Who ní ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ti ara wọn níwájú ìlẹ̀kùn díẹ̀ tí wọ́n ṣí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2022, ní Brixton, Lọ́ńdọ̀nù, níbi eré Aṣákẹ́, ọmọ wa tí ó ń fi Yorùbá kọrin, ọ̀pọ̀ ènìyàn rọ́ lu ẹnu ọ̀nà. Ènìyàn méjì kú, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ìyá ọmọ méjì. Nínú irú ìfúnpọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń pa ènìyàn. Ọ̀pọ̀ a máa kú lórí ìdúró, nítorí pé àyà kò ráyè fẹ̀ kí èémí lè wọlé.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fẹ́ lọ, tàbí bí ẹ̀yin fúnra yín bá fẹ́ lọ, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà kò tíì dàgbà jù fún ijó, ẹ fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn:

1. Kí ẹnì kan nílé mọ ibi tí ẹ lọ, ẹni tí ẹ bá lọ, àti ìgbà tí ẹ ó dé. Ẹ ra ìwé ìwọlé sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in, kí ó má ṣe lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

2. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ wá ọ̀nà àtijáde kejì kí ẹ tó wá ibi tí ẹ ó dúró sí. Ẹ má ṣe sún mọ́ iwájú ìtàgé tàbí ògiri jù. Ẹ má sì dúró ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bí etí bá ń hó títí di ọjọ́ kejì, ariwo náà ti pọ̀ jù.

3. Bàtà pẹlẹbẹ tí ó di ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀. Ẹ wo tèmi kọ́gbọ́n.

4. Bí èrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún yín, ẹ ká apá méjèèjì síwájú àyà kí èémí lè ráyè. Ẹ má ṣe bá èrò jà. Bí ó bá dẹ̀ díẹ̀, ẹ máa yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó bá jábọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

5. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé aago yòówù kí ó jẹ́, ibi yòówù kí ó wà, bí ó bá pè, ẹ ó wá. Kí ó kọ́kọ́ délé. Àlàyé di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀karùn-ún yìí ni ó ṣòro jù, nítorí pé ọmọ kò lè gbà á gbọ́ lẹ́nu ìyá tí ó ti ṣe ara rẹ̀ ní áńgẹ́lì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti lọ sí irú agbo bẹ́ẹ̀ rí, tí ẹ sì ti pa ẹnu mọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti wọlé ọkọ. Ẹ ń rò pé bí ọmọ bá mọ̀, ọ̀wọ̀ yín yóò dín kù lójú rẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé kí ẹ gbà fún gbogbo ohun tí ọmọ bá béèrè; ìgbà mìíràn wà tí "rárá" ni ìdáhùn tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí "rárá" yín ní ìdí, kí ìdí náà sì jẹ́ òtítọ́.

Àwọn tí mo lọ wò nígbà èwe mi ti ń lọ. Fẹlá kú ní ọdún 1997. Ní ọdún 2019, Ginger Baker kú ní oṣù Kẹwàá, Kẹ́hìndé Lijadu sì tẹ̀lé e ní oṣù Kọkànlá. Gbọ̀ngàn Ìgànmú níbi tí ìyá mi ti jó gba orúkọ tuntun ní ọdún 2024, wọ́n fi sọrí Wọlé Ṣóyínká. Fótò wa kò sí nínú àpótí mọ́. Ọmọ-ọmọ mi ti lọ fi férémù sí i, ó sì gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fótò ìgbéyàwó mi. Bí àlejò bá béèrè ẹni tí ó wọ ṣòkòtò gbàgàdà yẹn, mo máa ń sọ fún wọn.

Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ wa. Àmín.